Ṣé O Rí I, Àbí Wọ́n Sọ Ọ́ fún Ọ?

Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá Lọ́yà, ọkùnrin kan tí n kò rí rí gba máìkì, ó ní Bàbá nìkan ló pa ogún ṣọ́jà Jàpáànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú igbó Bọ́má. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Onílù gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi ìlù tún un sọ. Èmi tí mo jókòó ní ìlà kejì, tí ooru ti fẹ́ẹ̀ sè mí nínú gáùnù dúdú, mo ṣàdédé rí i pé ìdí mi ti kúrò lórí àga. Ó ti tó ọdún 28 nígbà náà tí mo ti ń dúró níwájú adájọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ti ń sọ ohun tí kò ṣojú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í dúró gbàṣẹ kó tó gbé mi dìde. Ìyàwó mi ló fà mí láṣọ padà. Ó ní ṣé òkú ni mo fẹ́ ta kò ni. Mo ní òkú kọ́, ẹni tó ń jẹ́rìí lórí òkú ni.

Ìsìnkú àgbà nílẹ̀ wa, ẹ̀rí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í léèrè ni. Ẹni tó bá wù lè bọ́ síwájú, kó sọ ohun tó bá wù ú, kó sì gba àtẹ́wọ́ tirẹ̀ lọ sídìí ìrẹsì. N kò rí ibi nínú ìyẹn fún òkú mìíràn. Ṣùgbọ́n Bàbá tí a tẹ́ síwájú wa yìí, ìbéèrè kan ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn bi èèyàn: ṣé o rí i, àbí wọ́n sọ ọ́ fún ọ? Wọ́n bi í ní kóòtù, wọ́n bi í nínú mọ́tò, wọ́n bi í nídìí oúnjẹ. Ogún òkú tí ẹnikẹ́ni kò kà, ó dà bí aṣọ yíyá lára wọn lójú mi.

Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí Bàbá sílẹ̀. Ìyá wọn kàn sọ fún wọn pé òjò ọdún náà pọ̀, iṣu titun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Wọ́n fojú bù ú sí 1923. Nígbà tí wọ́n nílò ìwé ìrìnnà, ẹ̀gbọ́n wọn kan ló lọ búra ọjọ́ orí fún wọn ní kóòtù, bí gbogbo ìran wọn ti ń ṣe. Bàbá a máa rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní àgbọ́sọ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ lórí àwọn láyé, kóòtù sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ní 1943 ni wọ́n wọṣẹ́ ṣọ́jà. Mo ti ka ìwé tó ní ìfẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé irú wọn lọ, mo sì ti ka èyí tó ní tipátipá ni. Bàbá ní ti àwọn, bàtà ni. Ọmọ àdúgbò wọn kan wálé fún ìsinmi pẹ̀lú bàtà tó ń dún kò-kò-kò lórí òkúta, àwọn náà sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn máa dún bẹ́ẹ̀. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ṣáájú dé Íńdíà ní ọdún yẹn kan náà; Dífíṣọ̀n 82 ni wọ́n kó Bàbá sí, ọkọ̀ òkun sì gbé wọn tẹ̀ lé e ní 1944. Dífíṣọ̀n 81 ya aláǹtakùn sí apá aṣọ wọn. Àmì ti Dífíṣọ̀n 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká alárù kọjá. Bàbá fẹ́ràn òṣùká yẹn ju àmì ẹ̀yẹ Burma Star tí wọ́n gbà lọ. Wọ́n ní ẹni tó yà á mọ iṣẹ́ àwọn: ẹrù ni àwọn rù. Igbó ibẹ̀ kò gba mọ́tò, òkè lórí òkè, odò lẹ́yìn odò. Orí ni wọ́n fi ru ọta, orí ni wọ́n fi ru oògùn, àwọn tó fara gbọgbẹ́ náà, èjìká ẹnì kejì wọn ni wọ́n gùn jáde. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òfúrufú. Eṣúṣú ń fà wọ́n lẹ́jẹ̀ nínú ẹrẹ̀, oògùn ibà tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ sì sọ àwọ̀ wọn di rúsúrúsú bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹni tó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá n'Íbàdàn yóò ti rí Letmauk Barracks. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́yà léèrè ohun tí Letmauk jẹ́, ọ̀kan ní orúkọ ọ̀gágun ni, òmíràn ní orúkọ òyìnbó tó kọ́ ọ ni. Abúlé kan ní ilẹ̀ Bọ́má ni, níbi tí Dífíṣọ̀n 82 ti jà gidi ní 1945. Arakan tí a fi sọ bárékè Àpápá l'Ékòó, agbègbè tí gbogbo ìjà yẹn ti ṣẹlẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A kọ orúkọ ogun náà sójú pátákó títì, a sì ń wa mọ́tò kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá padà dé ní 1946. Wọ́n di akọ̀wé ní kóòtù Májísíréètì ní Ìyágankú, wọ́n ń fọwọ́ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé gàǹgà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti di lọ́yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí wọn sọ nǹkan mìíràn. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ òfin kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1963 ni èyí tó wà l'Ékòó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, London ni yóò lọ, bí Sàpárà Williams, lọ́yà àkọ́kọ́ wa, ti lọ láyé ìgbà tí Èkó ṣì jẹ́ ìlú kékeré. Bàbá fi owó ṣọ́jà díẹ̀ tó kù, owó oṣù akọ̀wé àti owó àjọ ìyá wọn wọ ọkọ̀ òkun Aureol láti Àpápá lọ sí Liverpool ní 1954. Ìwé kíkà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gba èèyàn sẹ́nu iṣẹ́ náà ní London. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ níye ìgbà tí wọ́n bá là sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àwọn lọ́yà, sáà lẹ́yìn sáà. Bàbá ní àwọn di ata gígún sínú bébà, àwọn tì í bọ àpò aṣọ, nítorí ẹran tí wọ́n ń gbé ka iwájú àwọn níbẹ̀, ó dà bí ẹran tó ṣì ń rò ó bóyá kí òun jiná. Wíìgì irun ẹṣin tí wọ́n rà lọ́dún tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n dé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti pọ́n bí eyín arúgbó tó ń mu tábà.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní Òkè-Àdó ní 1983. Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń gbà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ilé iṣẹ́ epo àti báńkì ni wọ́n fẹ́ gba ẹjọ́ wọn rò. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló bọ́ tiwa. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé kan tó gbọ́ ìyẹn tó tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn ìdílé ló ṣáájú nínú wọn. Ẹni tó bá gùn lé ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ sọ ta ló tẹ ilẹ̀ dó, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, ta ló sì gbà á lọ́wọ́ ta ni títí tó fi kan ẹni tó dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ẹ wo bí òfin ti ṣe: ọ̀pọ̀ àgbọ́sọ yòókù ló lé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá fa àga fún ti bàbá ńlá.

Ìyẹn ló kó bá mi. Ẹjọ́ kan wà lọ́nà Mọ́níyà. Ẹlẹ́rìí wa àgbà jẹ́ bàbá arúgbó kan tó mọ ìtàn náà, àmọ́ bí àgbàlagbà ti í sọ ọ́ ló ń sọ ọ́: ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sẹ́yìn, ó dá orin kan, ó ní orúkọ bàbá kan ti sá mọ́ òun lórí. Ojú tì mí fún un. Mo bá a tún ìtàn náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo wá orúkọ tó sá náà rí lẹ́nu ọmọ rẹ̀, mo sì mú kí bàbá náà kọ́ ọ sórí bíi kátíkísímù. Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó kà á já gaara. Lọ́yà kejì dìde, ó tẹríba díẹ̀ fún arúgbó náà, ó ní, "Bàbá, ẹ kú làákàyè o. Ta ló kọ́ yín?" Arúgbó náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó nà án sí mi. Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Nínú Pijó 504 wọn, bí a ti ń bọ̀, mo ń retí kí Bàbá jù mí sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọn kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Sàǹgó. Wọ́n wá ní, "Lọ́yà kékeré, ìtàn tí kò ní ihò, ẹnì kan ló rẹ́ ẹ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Orúkọ tó sá mọ́ bàbá yẹn lórí, orúkọ yẹn nìkan ni adájọ́ ì bá fi gba gbogbo èyí tó kù gbọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bá ẹlẹ́rìí tún ẹnu ṣe mọ́. Wọ́n fún mi ní ẹjọ́ Kojo àti Bonsie kà ní alẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London dá ní 1957 lórí ilẹ̀ kan ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òní. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ó kàn wúwo ni. Bí ìtàn bàbá ńlá méjì bá ta kora, kí adájọ́ má torí pé ojú ẹnì kan fani mọ́ra gba tirẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, kó sì ti ṣì í gbà láti ìran mẹ́ta sẹ́yìn. Kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú alààyè ṣì ń rí i, kó sì fi ìyẹn wọn ìtàn méjèèjì wò.

Ogun yẹn pàápàá wúlò ní kóòtù. Èdè Hausa ni ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Nàìjíríà fi ń gbọ́ra wọn yé ní Bọ́má, Bàbá sì mú un bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ kan, wọ́n mú oníṣòwò goro kan láti Sábó wá pé ó ra ẹrù olè. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ní, "Ó ní òun mọ ẹni tó ni ẹrù náà." Ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́ ni Bàbá bá wá, tiwọn ni wọ́n ń dúró dè lẹ́yìn. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ kóòtù, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bi ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó sọ ni pé wọ́n sọ fún òun pé ẹni tó tà á fún òun ló ni ín. Mímọ̀ kọ́ nìyẹn, gbígbọ́ ni. Ẹ̀wọ̀n wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dá oníṣòwò náà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé agbọ̀n goro wá sí ọ́fíìsì, Bàbá mú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n dá ìyókù padà.

N kò fẹ́ rẹ́ ìtàn Bàbá o. Ihò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí inú wọn kò gbádùn wọn. Àkọ́bí wọn obìnrin sọ fún mi nígbà tí à ń múra ìsìnkú pé, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá tí ẹ̀ ń ròyìn yìí, àwa kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn fáìlì la mọ̀." Bí wọ́n bá dé látọ́fíìsì, ilé a pa lọ́lọ́. Wọn kì í lu ọmọ, wọn kì í bá ọmọ ṣeré. Ní òru mìíràn wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó sórí àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìyá wọn a sì ní kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n.

Ọmọ-ọmọ ló tú wọn. Àwọn méje ni, àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ obìnrin, ó sì jẹ́ olóríkunkun. Lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìn tì, aago méjì ọ̀sán kò gbọdọ̀ lù bá wọn nílé; Pijó náà á ti wà níwájú ilé ìwé, wọ́n á ti bó ọsàn sínú abọ́ tó ní ìdérí. Mo máa ń gbé fáìlì lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ kí n lè gba ìmọ̀ràn, mo sì máa ń bá kóòtù níjókòó ní pálọ̀. Ta ló jẹ ẹran tó wà nínú ìkòkò? Bàbá á jókòó sórí àga ńlá, olùpẹjọ́ á dúró lápá ọ̀tún, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lápá òsì. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ló jẹ ẹ́, Bàbá á ní, "Ṣé o rí i, àbí wọ́n sọ ọ́ fún ọ?" Ọmọ náà á ní òun rí epo létè rẹ̀. "Epo lo rí nìyẹn. O kò tíì rí ẹran." Àbíkẹ́yìn ló máa ń dé wíìgì. Ó máa ń bò ó lójú, á fi ìka méjì gbé e sókè kó lè rí ẹlẹ́rìí. Gbogbo lọ́yà tó wà n'Íbàdàn ló mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wíìgì yẹn.

Wọn kò sọ̀rọ̀ ìjà ogun náà fúnra rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tí ìjọba yàn fún ìrántí nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, wọ́n á wọ súùtù, wọ́n á fi àmì ẹ̀yẹ sáyà, wọ́n á lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹyẹlé fò. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí ti tẹ́lẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, láìsọ fún ẹnì kan. Bí Isaac Fádòyèbọ̀ ọmọ Èmùré-Ilé ti kọ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe òun léṣe ní Bọ́má ní 1944, tí ará abúlé kan sì fi òun pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo bẹ Bàbá pé kí àwọn náà kọ tiwọn. Wọ́n ní ọkùnrin yẹn rí nǹkan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Àwọn, òkùnkùn ni àwọn rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2009, iná lọ. Fìtílà kan wà láàárín wa. Àbíkẹ́yìn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé wíìgì wá láti yàrá, ó dé e, ó ní òun fẹ́ pe ẹlẹ́rìí kan. Bàbá dìde, wọ́n lọ dúró sápá òsì.

"Bàbá Àgbà, ṣé ẹ pa èèyàn ní Bọ́má?"

Ìyá ọmọ náà sáré jáde láti ilé ìdáná. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dúró.

"Mo yìnbọn."

"Ṣé ó bà á?"

"Òru ni. Òjò ń rọ̀. Wọ́n ní kí a yìnbọn sí apá odò, a sì yìn ín. Mo gbọ́ igbe kan."

"Igbe ta ni?"

"N kò mọ̀. Mi ò rí ẹni tó ké. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní ká máa lọ, a kò gba etí odò náà."

"Wọ́n ń sọ pé ẹ pa púpọ̀."

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn."

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà ronú. Ó fi ìka méjì ti wíìgì sókè. "Ṣé ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n dájú. Kò tilẹ̀ sí ẹlẹ́rìí mìíràn fún un, àfi èmi."

Ó ní kí wọ́n lọ jókòó. Wọ́n lọ jókòó. Fáìlì mi wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò ṣí i lọ́jọ́ náà.

Wọ́n kú lẹ́yìn ọdún méjì, nínú oorun, ní ọjọ́ orí tí ẹ̀gbọ́n wọn búra fún wọn. Àwọn adájọ́ ṣe ìjókòó ìdágbére ní kóòtù gíga, a to ara wa ní ìlà pẹ̀lú gáùnù. Àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì wá pẹ̀lú fìlà wọn, wọ́n kọrin Hausa kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́. Wọ́n gbé wíìgì náà lé orí pósí, wọ́n sì gbé e kúrò kí a tó sọ pósí náà kalẹ̀. Ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí sọ ti ogún òkú rẹ̀.

Nígbà tí ariwo kún ojúde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àbíkẹ́yìn jókòó sórí àkàsọ̀ tí bàbá rẹ̀ àgbà ti máa ń jókòó lóru, ó di ẹ̀pà sọ́wọ́, ó ti bọ́ bàtà ọ̀tun tí wọ́n rà fún un. Mo jókòó tì í.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, gáùnù mi, kọ́là mi, gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń kọ́? Ṣé ẹ wà ní Bọ́má?"

"Rárá o. Wọn ò tíì bí mi."

"Ẹ gbọ́ ọ ni."

"Mo gbọ́ ọ ni."

Ó sún díẹ̀ fún mi, ó sì bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.